Amọ̀ Tó Ń Gba Aró Lára Omi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, ta ní lè bómi ṣọ̀tá? Kòṣeémánìí ni omi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń bá òwe náà dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú rẹ̀: ohun tí a kò lè bá ṣọ̀tá, a kò gbọdọ̀ hùwà ọ̀tá sí i. Ẹni tó bu omi pa aṣọ láró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta ìlú àdìrẹ, ní láti mọ irú omi tí òun ń dà nù.

Ewé èlú ni aró àwọn ìyá wa. Ní 1856 ni onímọ̀ kẹ́míkà kan, William Henry Perkin, ṣèèṣì rí aró àtọwọ́dá ní London. Nígbà tó di 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró búlúù tí kò ti ara ewé wá. Wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ aró àtọwọ́dá kí oòrùn àti ọṣẹ má baà tètè ṣí i. Líle yìí kan náà ni kì í jẹ́ kó tètè jẹrà nínú odò. Ó ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ewéko inú omi, òmíràn sì lè di èròjà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Amọ̀ lè fa aró jáde kúrò nínú omi. Pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló tò léra bí ewé ìwé, ojú rẹ̀ sì ní iná mànàmáná alámì-àyọkúrò (−). Aró alámì-àròpọ̀ (+), irú methylene blue, máa ń lẹ̀ mọ́ ọn kíá. Ṣùgbọ́n alámì-àyọkúrò bíi ti amọ̀ ni Congo red àti ọ̀pọ̀ aró òwú òde òní. Ṣe ni àwọn àti amọ̀ ń ti ara wọn sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń tún amọ̀ ṣe. Wọ́n lè sè é nínú ásíìdì kí ihò inú rẹ̀ pọ̀ sí i. Wọ́n sì lè fi èròjà ẹbí ọṣẹ, tí orí rẹ̀ jẹ́ alámì-àròpọ̀, bò ó lójú. Aró tó ń sá fún un tẹ́lẹ̀ yóò wá máa lẹ̀ mọ́ ọn. Àtúnṣe yìí ṣe pàtàkì fún kaolin, amọ̀ funfun irú ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, nítorí iná mànàmáná ojú rẹ̀ kò tó ti irú amọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ bentonite.

Síbẹ̀, omi tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé aró ti kú. Ó kàn ṣí kúrò nínú omi bọ́ sínú amọ̀ ni. Bí a bá da amọ̀ náà sí bèbè odò, òjò lè tún fọ̀ ọ́ wọlé. Ẹ jẹ́ ká fọ aró kúrò lára rẹ̀ ká tún un lò, tàbí ká fi iná gbígbóná jó o. Ẹni tó bá fẹ́ fi amọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, ibi tí amọ̀ aláró yóò gbà ni kó kọ́kọ́ wá.