Ẹ̀kọ́ Oògùn Òwú Kì Í Tán



Ní ọdún 1974, ìjọba Tógò dá SOTOCO sílẹ̀ fún iṣẹ́ òwú. Ó ń fún àgbẹ̀ ní oògùn kòkòrò láwìn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ àgbẹ̀ bí a ti ń fín in.

Nígbà tó yá, ara kòkòrò mọ́ oògùn àtijọ́, kò pa wọ́n mọ́. Ní 1999, wọ́n mú endosulfan wọ oko òwú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Oògùn náà le púpọ̀. Ní Borgou, ní Bẹ̀nẹ̀ aládùúgbò wa, oògùn òwú pa ènìyàn 37, ó kéré tán, láàárín 1999 àti 2000. Àwọn kan jẹ àgbàdo inú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín.

SOTOCO parí iṣẹ́ ní 2009, NSCT sì rọ́pò rẹ̀. Ní 2011, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò láti fòpin sí endosulfan.

Ẹ ò rí i? Oògùn ń yí padà. Ohun tí a kọ́ láyé SOTOCO kò tó mọ́. Bí wọ́n bá pè yín sí ẹ̀kọ́, ẹ lọ. Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó ṣí i. Bó bá jẹ́ èdè Faransé, ẹ pe ọmọ iléèwé kó kà á fún yín.