Kọ́mà Tó Ń Ṣáájú «Who»: Láti York Dé Ọ̀wọ̀

Lọ́dún 1947 ni Michael Adékúnlé Ajásin di ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀. London ló ti ń bọ̀, níbi tó ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti ka Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ètò ọrọ̀ ajé ní Fourah Bay. Òun náà ló kọ àbá tó di ètò ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, ẹgbàágbèje ọmọ ló bá gírámà Gẹ̀ẹ́sì pàdé, tòun ti kọ́mà rẹ̀.

Venice ni Aldus Manutius ti tẹ kọ́mà onírù yìí jáde ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ìgbà pípẹ́, ibi tí èèyàn bá ti fẹ́ mí ló ń fi í sí. Lindley Murray, lọ́yà ọmọ Amẹ́ríkà tó fi York ṣe ilé, wá là á mọ́lẹ̀ nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1795: kọ́mà ni kó máa ṣáájú «who» àti «which», àfi bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé wọn bá ń ya ẹni tí à ń wí sọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù.

Ẹ wo èyí: «The students who came from Ifon passed.» Àwọn ará Ìfọ́n yege, ọ̀rọ̀ ò kan àwọn tó wá láti Ìdóàní. Ẹ wá fi kọ́mà méjì há a: «The students, who came from Ifon, passed.» Gbogbo wọn ló yege, Ìfọ́n sì ni gbogbo wọn ti wá. Kò sí ọmọ Ìdóàní kankan níbẹ̀ mọ́! Ní ti Ajásin, ẹyọ kan ni; bí a bá dárúkọ rẹ̀ tán tí a fi «who» sí i, kọ́mà di dandan. Yorùbá kì í fi kọ́mà ṣe irú ìyàtọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ la fi ń là á. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣòro fún ọmọ wa.

Phebean Ogundipe, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, wà lára àwọn tó sọ irú gírámà yìí di ohun tó yé ọmọ Nàìjíríà, nínú Brighter Grammar, àti nínú Practical English tí òun àti Tregidgo jọ kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra WAEC, ẹ ṣọ́ra o: nínú àròkọ, ìlàjì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, kọ́mà sì wà lára rẹ̀.