Láti Orí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Aké Dé Orí Laptop Tòkunbọ̀: Ìtàn Ẹ̀rọ Olówó Pọ́ọ́kú

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: "Mo fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Èwo ni kí n rà?" Inú ìtàn la ti máa wá èsì lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ní 1854, míṣọ́nnárì Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá síbí, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Nígbà tó di 1859, Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ẹ kíyè sí i o: owó táṣẹ́rẹ́ ni òǹkàwé ń san, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kò sí lọ́wọ́ ará ìlú. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ìwé ìròyìn sì pa rẹ́. Ẹ̀rọ tí kò ní ìkejì nítòsí, ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni iṣẹ́ bàjẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ìṣirò ètò ìkànìyàn 1962 sí 1963 ló gbé e wọ Nàìjíríà. Nígbà yẹn, ìjọba àti iléeṣẹ́ ńláńlá nìkan ló lè ní in. Ó pẹ́ kó tó dé àdúgbò, nígbà tó sì dé, inú "business centre" ló wọ̀. Ẹ ò ra ẹ̀rọ; iye ojú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín lẹ máa san. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n owó ẹyọ 120 náà ni? Ìwé lẹ rà, ẹlòmíì ló ni ẹ̀rọ.

Ní 2001, Leo Stan Ekeh dá Zinox sílẹ̀ kí Nàìjíríà náà lè ní kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Omatek ti Florence Seriki náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ní 2006, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CANI, kí òṣìṣẹ́ lè fi owó díẹ̀díẹ̀ san owó kọ̀ǹpútà.

Ṣáájú ìyẹn, ní 2005, Nicholas Negroponte ti Amẹ́ríkà ti kéde pé òun máa ṣe laptop tí owó rẹ̀ kò ní ju dọ́là 100 lọ fún ọmọ iléèwé. Ìròyìn gbòde pé Nàìjíríà máa ra mílíọ̀nù kan. Nígbà tó di 2007, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Galadima, Abuja, ti ń lo díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti tó nǹkan bí dọ́là 188. Mílíọ̀nù kan yẹn kò wọlé. Lọ́dún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ Lancor gbé àwọn tó ṣe laptop náà lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó, wọ́n ní wọ́n jí ọgbọ́n kíbọ́ọ̀dù tí àwọn ṣe fún kíkọ àwọn èdè wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kọ̀ǹpútà tí kò lè kọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń kọ Yorùbá?

Ibo wá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra ẹ̀rọ ní gidi? Òtígbà, Ikeja, ni. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí jáde pé nǹkan bí kòǹténà 500 tó kún fún ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣù kan. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ fúnra wọn sọ fún wọn pé nínú 100, bíi 75 kò ṣeé tà, kò sì ṣeé tún ṣe. Owó pọ́ọ́kú tí àwọn kan ń sá tẹ̀lé, orí àkìtàn ló parí sí.

Kí ni ìtàn yìí wá kọ́ wa?

Àkọ́kọ́, ẹ wo iṣẹ́ yín kí ẹ tó wo iye owó. Tí ẹ bá ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ẹ fẹ́ máa ṣe ìṣirò, kí ẹ sì máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí oníbàárà, laptop ló yẹ yín, torí bátìrì rẹ̀ máa gbé yín díẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí kì í kúrò lójú kan, kọ̀ǹpútà orí tábìlì dára, torí ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀yà kan láì ra odindi òmíràn. Àmọ́, ó ń jẹ iná ju laptop lọ, ó sì máa ń fẹ́ UPS.

Èkejì, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ń lo Intel, Intel ìran kẹjọ sókè ni kí ẹ béèrè, torí Windows 11 kì í gba èyí tó pẹ́ ju ìyẹn lọ. Kí SSD wà nínú rẹ̀, kí RAM tó 8GB. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wo bí bátìrì ṣe máa pẹ́ tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ẹni tó máa tún un ṣe. Dell Latitude, HP EliteBook àti Lenovo ThinkPad wọ́pọ̀ láàárín tòkunbọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà wọn fi máa ń rọrùn láti rí. Ẹ̀rọ tó dà bíi pé ó pọ́, tí kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe lágbègbè yín, ìyẹn ló wọ́n jù.

Ẹ̀rọ tí wọ́n bà jẹ́ ní 1867 kò ní ìkejì tó lè gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ní àǹfààní tí àwọn ọ̀dọ́ ayé Townsend kò ní: ẹ lè ní ẹ̀rọ tiyín, ẹ sì lè mọ ẹni tó máa tún un ṣe kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó fẹ́ lọ Ikeja lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i kó tó wọkọ̀. Ó dìgbà kan ná.