Ògbufọ̀ tó wà láàárín báńkì sí báńkì, àti àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ

Ẹni tó bá ta gààrí tàbí ẹ̀gẹ́ ní Ìrókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2023, kò ní í tètè gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde lóṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun fẹ́ pààrọ̀ àwọn owó náírà kan, ó sì dá ọjọ́ tí wọn kò ní í ná ti àtijọ́ mọ́. Owó tuntun kò kárí, ti àtijọ́ di ohun tí àwọn ọlọ́jà ń sá fún. Títí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2023 pé kí wọ́n ṣì máa ná an, orí fóònù àti ẹ̀rọ POS ni ọ̀pọ̀ káràkátà gbà. Oníbàárà á fi owó ránṣẹ́, báńkì á yọ ọ́ nínú àkáǹtì rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ẹni tó tajà kò ní í dún. “Ẹ ní sùúrù, màmá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni,” ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ṣe POS máa ń sọ. Màmá á jókòó ti àpò gààrí rẹ̀ títí tí mọ́tò tó yẹ kó gbé e padà sí abúlé á fi lọ.

“Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì” ni orúkọ tí gbogbo wa ń pe ìṣòro yìí, bẹ́ẹ̀ ìgbà púpọ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù wà dáadáa, tó jẹ́ pé ògbufọ̀ ló dákẹ́.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà rèé. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀, èdè tí ètò ọ̀kan ń sọ sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ̀rọ ATM àti POS ní ìlànà ìjíṣẹ́ tiwọn, ISO 8583, tó ti wà láti ọdún 1987. NIBSS, ilé-iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù dá sílẹ̀ lọ́dún 1993, ló wà láàárín wọn. Òun ló gbé ètò NIP jáde lọ́dún 2011, èyí tó jẹ́ kí owó máa ti báńkì kan bọ́ sí èkejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Kí ètò báńkì tó lè bá NIP sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ètò kékeré kan tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò sì máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ bọ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní adapter. Kò bá èyí tí a ń kì bọ iná láti fi gba fóònù tan rárá. Bí ògbufọ̀ ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló rí: bó bá pẹ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀, ajẹ́lẹ̀ á rò pé baálẹ̀ ló ń yájú, baálẹ̀ náà á rò pé ajẹ́lẹ̀ kò ka òun sí.

Ìbéèrè kìíní tí ètò náà máa ń béèrè ni orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ owó á lọ. Bí ìdáhùn àṣẹ yìí kò bá padà wá, báńkì tó fi owó ránṣẹ́ kò mọ̀ bóyá owó ti wọlé sí ọ̀dọ̀ èkejì tàbí kò wọlé. Bó bá sáré dá owó padà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa san án. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, inú àlàfo yìí sì ni owó màmá há sí.

Ẹni tó ń ṣọ́ ogún tàbí ọgbọ̀n ògbufọ̀ kò lè máa ka nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wò ni heatmap, èyí tí a lè pè ní àwòrán ìgbóná. Tábìlì ni: ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ògbufọ̀ báńkì kan, òpó kọ̀ọ̀kan dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àpótí ibi tí wọ́n ti pàdé sì ní àwọ̀. Bí iṣẹ́ bá ń lọ geere, àwọ̀ ewé. Bó bá ń falẹ̀, àwọ̀ ìyeyè. Bó bá ń kùnà, pupa. Ọgbọ́n náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1873 ni Toussaint Loua ti fi irú tábìlì aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé àwọn àdúgbò ìlú Paris, kó tó di pé Cormac Kinney fi orúkọ heatmap sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, fún àwòrán ọjà ìdókòwò.

Ibi tí àwọ̀ bá jókòó sí ló ń sọ̀rọ̀. Bí ìlà ẹyọ kan bá pupa, ògbufọ̀ báńkì yẹn ni kí wọ́n lọ tún ṣe. Irú èyí ni èèyàn máa retí lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn báńkì ńlá kan pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà wọn, tí àwọn oníbàárà sì pariwo pé àwọn kò lè fi owó ránṣẹ́. Bí gbogbo ìlà bá pupa lẹ́ẹ̀kan náà, àárín tàbí ọ̀nà ló bàjẹ́, bí irú ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan, tí iṣẹ́ báńkì púpọ̀ sì dojú rú ní Nàìjíríà. Bí pupa bá sì ń rọra ràn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán lórí ìlà kan, iṣẹ́ ti ń pọ̀ ju agbára ètò náà lọ. Ẹni tó bá tètè rí i lè gbà á là kó tó dá kú.

Iye àpapọ̀ tí a fi dọ́gba lè tan ni jẹ. Ká sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, 95 lo ìṣẹ́jú àáyá 2, tí 5 sì lo 60. Bí a bá dọ́gba wọn, 4.9 ni, ọ̀gá á sì ní kò burú, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún yẹn ló ń jókòó ti àpò gààrí. Lọ́dún 2010, Brendan Gregg ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn ACM Queue bí wọ́n ṣe lè fi àwòrán ìgbóná yọ irú èyí síta: kí ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìwọ̀n àkókò tí iṣẹ́ gbà, kí àwọ̀ sì sọ iye iṣẹ́ tó bọ́ síbẹ̀. Àwọn márùn-ún náà á dá dúró lókè, gbangba.

Àwòrán yìí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lóru, owó méjì péré lè kọjá. Bí ọ̀kan bá kùnà, àpótí á pupa bí ẹni pé ìlú ń jó. Àpótí tí kò ní àwọ̀ rárá ló sì burú jù lójú tèmi, nítorí ó lè jẹ́ pé ògbufọ̀ ti kú pátápátá débi tí kò lè ròyìn ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan náà wà tí ojú wọn kì í fi ìyàtọ̀ sí pupa àti àwọ̀ ewé. Ó yẹ kí wọ́n kọ nọ́ńbà sínú àpótí fún wọn.

Lọ́dún 2020, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa yanjú owó POS tó bá há láàárín wákàtí 72. Ẹni tó ń béèrè owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Lórí rìsíìtì owó tó gba orí NIP, nọ́ńbà gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Session ID, 30 ni iye rẹ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ báńkì tó fi owó ránṣẹ́, méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ àti àkókò, dé orí ìṣẹ́jú àáyá. Òṣìṣẹ́ báńkì tó bá gba nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ màmá ti mọ ìlà àti òpó tí yóò wò.