Dídènà Sáítókáìnì Nínú Àrùn Làkúrègbé: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ìdánwò Lára Eku

Ìfáárà
Nínú irú làkúrègbé tí àwọn sójà ara ti ń dojú ìjà kọ oríkèé, sáítókáìnì ni èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ ogun síra wọn. TNF, IL-1, IL-6 àti IL-17 ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀nà tí a gbà dá àrùn sí eku lára, àti ìgbà tí a fún un lóògùn, ló ń pinnu ohun tí ìdánwò lè sọ fún wa nípa ènìyàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é
Ní 1977, Trentham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé abẹ́rẹ́ kọ́lájẹ̀nì irú kejì, èròjà inú eegun rírọ̀ oríkèé, ń fa làkúrègbé sí eku ńlá lára. Fún eku kékeré DBA/1, wọ́n máa ń po kọ́lájẹ̀nì náà mọ́ òróró Freund, èyí tí òkú kòkòrò TB wà nínú rẹ̀. Wọ́n á gún un sí ìdí ìrù, wọ́n á sì tún un gún ní ọjọ́ 21. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń wú, olùwádìí á fi kálípà wọn bó ṣe nípọn tó, á sì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, ó sábà máa ń jẹ́ láti 0 dé 4. Níkẹyìn, wọ́n á yẹ oríkèé wò lábẹ́ maikirosikóòpù, torí wíwú lè lọ sílẹ̀ kí eegun inú ṣì máa jẹ.

TNF
Ní 1991, ẹgbẹ́ Kollias ní Gíríìsì ròyìn pé eku tí wọ́n fi jíìnì TNF ènìyàn sí lára ní làkúrègbé fúnra rẹ̀, àti pé áńtíbọ́dì tó ń dí TNF lọ́wọ́ dènà àrùn náà. Ní 1992, Williams, Feldmann àti Maini ní Lọ́ńdọ̀nù fún eku DBA/1 ní irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti wú, àrùn náà sì rọlẹ̀. Ìdánwò infliximab, áńtíbọ́dì adènà TNF, lára aláìsàn 73 ní 1994 fi hàn pé ènìyàn náà ń jàǹfààní rẹ̀.

IL-1 àti IL-6
Ọ̀rọ̀ IL-1 kò rí bẹ́ẹ̀. Dídènà rẹ̀ ṣiṣẹ́ gidi lára eku tí àrùn ti wọ̀ lára, ṣùgbọ́n anakinra, oògùn adènà IL-1 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2001, kò lágbára lára ènìyàn tó àwọn oògùn adènà TNF. Ti IL-6 tún wá yàtọ̀. Eku tí kò ní IL-6 kì í sábà ní làkúrègbé kọ́lájẹ̀nì, àmọ́ èyí tí wọ́n fa omi ẹ̀jẹ̀ eku K/BxN, irú eku tó máa ń ní làkúrègbé fúnra rẹ̀, sí lára ń ní àrùn láìsí IL-6, nítorí áńtíbọ́dì tó ti pọ́n dé ojú ẹ̀ ni wọ́n gbé fún un. Ká ní K/BxN nìkan ni wọ́n gbójú lé, wọn ì bá ti pa tocilizumab, oògùn adènà IL-6, tì, bẹ́ẹ̀ ó ń ran ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́wọ́.

Ewu
Ní 1995, Flynn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé eku tí TNF rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò lè kápá kòkòrò TB. Ní 2001, ìròyìn jáde nípa aláìsàn 70 tí TB yọ sí lára lẹ́yìn infliximab. Eku inú yàrá ìwádìí tó mọ́ tónítóní kì í gbé TB sára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ń gbé e láìmọ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò TB fi gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn.

Àbá
Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ó yẹ kí oògùn tuntun yege nínú ó kéré tán oríṣi àwòṣe àrùn méjì tí orísun wọn yàtọ̀, kí wọ́n fún eku lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti wú, kí wọ́n sì dán an wò lára eku tó ní kòkòrò àrùn, kó tó kan ènìyàn.