Fífọ̀ àti Fífà: Ìtàn Ìtọ́jú Egbò Ikùn Tí Ó Kẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Síbẹ̀, ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti gbójú lé kànga, bọ̀hóòlù àti omi tí mẹ́ruwà ń tì káàkiri, omi tí a ń mu lè gbé àrùn wọ inú ẹni. Ọ̀kan nínú irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Orúkọ tí Yorùbá fún un kì í ṣe àsọdùn. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè dá ihò sí ìfun kékeré ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ohun tí ó wà nínú ìfun yóò tú sínú ikùn, iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó sì lè gba aláìsàn là. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ojú ibi tí a là sábà máa ń kẹ̀.

Yorùbá pààlà sáàárín ọgbẹ́ àti egbò. Ọgbẹ́ ni ojú ara tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Bí ó bá pẹ́ tí kò jinná, tí ó ń ṣọyún, egbò ni. Egbò ikùn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé, pàápàá ìtàn bí a ṣe ń fi omi fọ̀ ọ́, tí a sì ń fi ẹ̀rọ fa ọyún inú rẹ̀. Èrò wa ni pé àìní ni ó bí ọ̀nà ìtọ́jú yìí, kì í ṣe ọrọ̀.

Fífọ̀: Ohun tí ogun kọ́ni

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918), egbò tí ó kẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí ìbọn kò pa lójú ẹsẹ̀. Kò tí ì sí pẹnisílìn nígbà náà. Ní ọdún 1915, Alexis Carrel, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, àti Henry Dakin, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jùmọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn kan ní Compiègne. Wọ́n kọ́kọ́ gé ẹran ara tí ó ti kú kúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín sínú egbò, wọ́n sì ń gba ojú rẹ̀ da omi apakòkòrò tí a ti là dáadáa sí i ní wákàtí méjì-méjì. Ẹran ara ni wọ́n ń fọ̀ báyìí. Ní ti inú ikùn, níbi tí ìfun wà, omi oníyọ̀ tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń lò lónìí.

Ní ọdún 1940, Heneage Ogilvie, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí ọgbẹ́ ikùn tí kò ṣe é rán pa. Ó ní kí a fi aṣọ tí a ti fi Vaseline pa bo ìfun mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé wa: bí ìfun bá wú, tí a sì fi ipá rán ikùn pa, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè ṣàn dáadáa sí àwọn ẹ̀yà inú. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọyún bá ṣì wà nínú rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ lè padà wọlé láti fọ̀ ọ́.

Fífà: Láti orí ìwo dé orí ẹ̀rọ

Fífa nǹkan láti inú ara kò ṣàjèjì sí wa. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń fi ìwo màlúù fa ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n egbò ikùn ń fẹ́ ìfà tí kò le jù, tí kò sì dáwọ́ dúró.

Ní ọdún 1984, ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, Oswaldo Borráez gé àpò ọ̀rá tí a fi ń gbé omi dírípù, ó sì rán an mọ́ etí ikùn tí ó là sílẹ̀. Ohun tí ó wà nítòsí ni ó lò. Ní ọdún 1995, Brock, Barker àti Burns ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn: wọ́n tẹ́ ọ̀rá lé ìfun, wọ́n fi aṣọ lé e, wọ́n to rọ́bà sórí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá tí ń lẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n sì so rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ ìfami. Ní ọdún 1997, Argenta àti Morykwas gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí lílo fóòmù pẹ̀lú ìfà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 125 mmHg. Ìfà yìí ń kó omi egbò kúrò, ó sì ń fa etí egbò súnmọ́ ara wọn. Nígbà tí ó yá, a pa ìfọ̀ àti ìfà pọ̀: ẹ̀rọ yóò da omi sí egbò, yóò dúró díẹ̀, yóò sì fà á padà.

Ewu wà níbẹ̀. Bí fóòmù bá kan ìfun ní tààrà, ó lè dá ihò mìíràn sí i. Nítorí náà, iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí a ń dán wò nílé.

Ìrírí àwọn oníṣẹ́ abẹ wa

Ẹ̀rọ tí a ṣe lóòkè òkun wọ́n, iná mànàmáná kò sì dúró déédéé. Èyí ni ó mú kí àwọn dókítà ní Nàìjíríà máa fi fóòmù, rọ́bà, ọ̀rá tí ń lẹ̀ àti ẹ̀rọ ìfami lásán ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Ọgbọ́n Bogotá náà ni.

Ìwádìí pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1982, O. G. Ajao ti Ìbàdàn kọ̀wé lórí ohun tí ń fa ikú àti ìnira nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá dá ihò sí ìfun. Ní 1997, òun àti Adesunkanmi tún gbé àyẹ̀wò aláìsàn 50 jáde. Ní ọdún 2022, ìwádìí kan jáde tí Adesoji Ademuyiwa ti Ìdí-Àràbà wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà àti Benin wà lára wọn, aláìsàn tí ó kópa sì lé ní 13,000. Ohun tí wọ́n dán wò rọrùn: kí oníṣẹ́ abẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí ó tó rán ikùn pa. Iye àwọn tí ojú ọgbẹ́ wọn kẹ̀ dín kù láti 18.9 sí 16.0 nínú aláìsàn 100.

Ohun tí ó kan Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò

Ọdún 1983 ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ọ̀jọ́ sì ni ojúkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà ni ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ wà, níbi tí ilé-ìwòsàn ìjọba ti di ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní 2001. Ìdí-Àràbà ni ti Yunifásítì Èkó. Ẹni tí ìfun rẹ̀ bá lu ní Òkòkòmáíkò, tí a sì darí rẹ̀ sí ọ̀kan nínú méjèèjì, gbọ́dọ̀ la sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kọjá. Bí ó bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí oògùn kẹ́mísì kí ó tó gbéra, wákàtí kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ń fi ọyún kún inú ikùn rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìfà tí ó lè dá àkókò tí a ti fi ṣòfò padà.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé láti Compiègne dé Bogotá, títí dé ilẹ̀ wa, ohun tí ó wà nítòsí ni àwọn oníṣẹ́ abẹ fi gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti dènà egbò náà kí ó tó wáyé. Kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti se omi kí ó tó mu ún, láti fi ọṣẹ fọ ọwọ́, àti láti mọ̀ pé ibà tí ó lé ní ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́mísì. Bí inú rírun líle bá sì tẹ̀lé irú ibà bẹ́ẹ̀, ilé-ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Omi tí a fọ̀ mọ́ nínú ilé sàn ju omi tí a fi ń fọ egbò lọ.