Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìrìn, Ẹrù àti Àlàáfíà Ẹṣin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Èdè Yorùbá kò ṣàì ní ọ̀rọ̀ nípa ẹṣin, ṣùgbọ́n orí gàárì ni a ti ń wò nígbà tí a dá púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, èyí ni pé ẹni tó gun ẹṣin ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹṣin tí a gùn. Gàárì ni ìjókòó tí a dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ìjánu ni ohun tí a fi sí i lẹ́nu kí ó lè gbọ́ràn, kẹ́ṣẹ́ ni irin tí a fi ń gún un níhà kí ó lè sáré, ẹlẹ́ṣin ni ẹni tó ní i tàbí tó gùn ún, Olókùn-Ẹṣin sì jẹ́ oyè láàfin Ọ̀yọ́. Òwe pàápàá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ẹṣin ọ̀rọ̀, a máa ń gùn ún lọ wá ọ̀rọ̀ tó sọnù, kò sì sí ẹni tó béèrè rí bóyá ó rẹ ẹṣin náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni nípa ìrìn àwọn ẹranko wọ̀nyí, nípa iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti nípa àlàáfíà wọn, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣọ̀wọ́n gan-an ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò farasin ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Igbó ni ilẹ̀ náà, láti Ìlárá títí dé Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù, eṣinṣin tsetse tó ń gbé inú igbó sì máa ń gbin kòkòrò àìfojúrí kan sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, èyí tó ń mú kí ẹṣin rù títí yóò fi kú. Ọ̀yọ́ tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn ló lè fi ẹṣin jagun, láti Òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń rà á. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì sọ̀ kalẹ̀ dé Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣẹ́gun wọn. Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tún yàtọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni àwọn oníṣòwò Hausa fi ń kó obì láti Gonja, tó wà ní Ghana òde òní, lọ sí ilẹ̀ wọn, orúkọ ibẹ̀ ni obì tí a ń pè ní gbànja sì ń jẹ́ títí di òní; ṣùgbọ́n nígbà tí Agége àti Ṣàgámù fi máa di ìlú gbànja, ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó o lọ sókè. Ẹranko tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún obì láti ìran dé ìran kò wá sí oko obì Rẹ́mọ rárá, èdè ibẹ̀ kò sì ní ìdí láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹṣin ni a ṣì ń rí, pàápàá ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gẹṣin jáde tìlù-tìfọn, tí ọ̀pọ̀ ará Rẹ́mọ sì máa ń lọ wòran. Oòrùn ọ̀sán, ọ̀dà títì tó gbóná, ariwo ìbọn àti ẹni tó wọ agbádá ńlá lórí gàárì, gbogbo rẹ̀ ni ẹṣin náà ń gbé, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí a ń wá yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Nínú ẹ̀kọ́ ìrìn, ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni ìṣísẹ̀ àti ìyípo. Ìṣísẹ̀ ni gbígbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ títí yóò fi tún kan ilẹ̀. Ìyípo ìrìn ni ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣí tán, tí èyí tó kọ́kọ́ ṣí sì fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìyípo kan, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ìtẹlẹ̀, tí ó fi ń gbé ara ró, àti ìgbà ìfì, tí ó fi ń lọ síwájú láìkan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ fì yẹ níbẹ̀ ju gbé lọ, nítorí pé ohun tí a so kọ́ ló máa ń fì, apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹṣin kò sì ní ẹran tó tó nǹkan, iṣan okùn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, èjìká àti itan ló ń fì í. Ní ti irú ìrìn, ọ̀nà tó dára jù láti sọ wọ́n lórúkọ ni kí a ka ìró pátákò wọn lórí ilẹ̀ líle, bí onílù ṣe ń ka ọwọ́ ìlù. Nígbà tí ẹṣin bá ń rìn lásán, ìró mẹ́rin ni a ń gbọ́ nínú ìyípo kan, nítorí pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá tẹlẹ̀, a sì lè pè é ní ìrìn mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ó bá yára sí i, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ti ẹ̀yìn òsì a jọ tẹlẹ̀, ti iwájú òsì àti ti ẹ̀yìn ọ̀tún a sì tẹ̀lé e, ìyẹn eré méjì-méjì. Nínú eré mẹ́ta-mẹ́ta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ló ń kọ́kọ́ balẹ̀, méjì a jọ balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú tó kù a sì kádìí rẹ̀. Eré tó le jù kò ní kí a dá orúkọ tuntun fún òun, àsápajúdé ti wà nílẹ̀. Nínú eré àsápajúdé, ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ kankan kò sí nílẹ̀, ohun tí ojú ènìyàn kò lè rí títí di ọdún 1878 tí ayafọ́tò Eadweard Muybridge fi ọ̀wọ́ kámẹ́rà ya ẹṣin olówó kan tó ń jẹ́ Leland Stanford ní Kalifóníà, tí ó sì hàn pé ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ká jọ sábẹ́ ikùn ni ẹṣin wà lófuurufú, kì í ṣe ìgbà tí ó bá nà wọ́n tọ̀ọ̀rọ̀ bí àwọn ayàwòrán ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ìtumọ̀ ti lè ṣini lọ́nà jù ni ti ẹsẹ̀ dídùn. Atúmọ̀ èdè tó bá yára yóò mú arọ, ṣùgbọ́n arọ ni ẹni tí kò lè rìn mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹṣin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rìn, ó ń ṣiṣẹ́, ìrora rẹ̀ sì lè máà hàn sí olówó rẹ̀. Títiro ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Àwọn oníṣègùn ẹranko ní Amẹ́ríkà máa ń fi ìpele 0 sí 5 wọn títiro, èyí tí 0 fi hàn pé kò sí ohun tí a rí, tí 5 sì fi hàn pé ẹranko náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé ara lé ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì lè fi ojú ara rẹ̀ rí ti ẹsẹ̀ iwájú: bí eré bá di méjì-méjì, orí ẹṣin tí ara rẹ̀ dá kò fi bẹ́ẹ̀ mì, ṣùgbọ́n orí èyí tó ń tiro a gbé sókè nígbà tí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún bá kan ilẹ̀, a sì tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rere bá kàn án. Ìmirí ni a lè pe àmì yìí. Ó ṣeni láàánú pé ìmirí yìí gan-an ni àwọn òǹwòran lè rò pé ẹṣin fi ń jó sí ìlù.

Ní ti iṣẹ́, ohun mẹ́ta ni ẹnu Yorùbá sábà máa ń pa pọ̀ sínú ẹrù, tí ìwé ẹ̀kọ́ sì gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀. Ẹrù ni ohun tí a dì lé ẹranko lẹ́yìn tàbí tí ó ń fà; ìwọ̀n-iṣẹ́ ni ẹrù náà pẹ̀lú bí ọ̀nà ṣe jìn tó, bí òkè ṣe ga tó, bí ilẹ̀ ṣe rí àti wákàtí tí ó gbà; ìnira ni ohun tí ìwọ̀n-iṣẹ́ náà ṣe nínú ara ẹranko, èyí tí a ń mọ̀ nípa èémí, òógùn àti ìlùkìkì ọkàn. Ọkàn ẹṣin tó sinmi a máa lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, nínú eré àsápajúdé ó lè kọjá 200, bí ó ṣe tètè rọlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ló sì ń fi ìnira hàn jù. Níbi ọ̀pọ̀ eré ọ̀nà jíjìn, ẹṣin tí ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ kò bá rọlẹ̀ dé 64 láàárín ìṣẹ́jú tí wọ́n fún un, a kò ní jẹ́ kí ó máa lọ. Ìrọlẹ̀ ni kí a pe bí ọkàn ṣe ń rọlẹ̀ yìí, nítorí pé ìbalẹ̀ ọkàn ti gba ìtumọ̀ mìíràn. Ní ti ẹrù fúnra rẹ̀, òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹṣin, àti ìdá kan nínú mẹ́ta fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ara rẹ̀ le. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó wúwo tó 150 kìlógíráàmù yóò gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan, àpò kejì ti di ìyà.

Òfin Nàìjíríà pàápàá ti gbé iṣẹ́ lé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ níbí. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò ka ìwà ìkà sí ẹranko ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti orí lílù àti títapá dé orí gígùn kọjá agbára, dídà kọjá agbára àti dídi ẹrù kọjá agbára, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50 náírà sí i, owó tí ẹnikẹ́ni kò lè bẹ̀rù mọ́. Èdè tó ní àjẹjù àti àmujù ti ní ọ̀nà tí a ó gbà sọ ọ́: àgùnjù, àdàjù, àdìjù. Ẹnìkan lè fẹ́ lo àrùjù dípò àdìjù, ṣùgbọ́n a ń sọ pé ẹranko ru ẹrù, a sì ń sọ pé ó rù kan eegun, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì jọ ara wọn jù fún ìwé òfin.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, welfare, ló fa àríyànjiyàn jù. Ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n ìtọ́jú jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ni ẹranko, a sì lè tọ́jú ẹṣin kí ara má rọ̀ ọ́. Ìgbáyégbádùn ti di ti ìjọba àti òṣìṣẹ́. Àlàáfíà ló tọ́, torí pé ara ẹni tí à ń bi léèrè ni ó wà. Òmìnira márùn-ún fún ẹranko, tó ti inú ìjábọ̀ Brambell ti ọdún 1965 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, tí ìgbìmọ̀ kan níbẹ̀ sì là sílẹ̀ ní 1979, kò dùn lẹ́nu bí a bá fi òmìnira túmọ̀ rẹ̀, nítorí pé Yorùbá kì í gba òmìnira lọ́wọ́ ebi. Ó sàn kí a sọ ọ́ bí àdúrà: kí ebi àti òùngbẹ má pa á, kí ibùgbé rẹ̀ tù ú lára, kí ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn má bá a jà láìrí ìwòsàn, kí ó lè hu ìwà ẹ̀dá rẹ̀, kí jìnnìjìnnì má bò ó. Ẹ̀tọ́ márùn-ún ni kí a pe àpapọ̀ rẹ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í ṣe ẹṣin kékeré. Ilẹ̀ gbígbẹ ní ìlà-oòrùn àríwá Áfíríkà ni ó ti wá, irun rẹ̀ kì í ta omi dànù bíi ti ẹṣin, nítorí náà òjò bí irú èyí tó ń rọ̀ ní Rẹ́mọ jẹ́ ìyà fún un bí kò bá ní òrùlé. Agídí ni ẹ̀sùn tí a máa ń kà sí i lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe ni pé, níbi tí ẹṣin ti máa sá bí ẹ̀rù bá bà á, òun a dúró gbagidi; ìdúró gbagidi ni kí ìwé ẹ̀kọ́ pè é, torí pé ẹni tó bá kà á sí agídí yóò na pàṣán. Bákan náà ni ó máa ń pa ìrora mọ́ra, tí kò ní ṣe ju pé kí ó kọ oúnjẹ lọ, kíkọ oúnjẹ náà kì í sì ṣe ohun tí a ń fi dúró de ọ̀la, nítorí pé bí kò bá jẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ a yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì ní lè gbé e.